Iye Ìyàwó: Ọ̀kan

Ọdún kẹfà rèé tí Mọ́láyọ̀ ti wọ ilé Olúgbádé ní Ìfọ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé náà tó ń pe orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ń pè é ní Ìyàwó. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Ìyàwó Bọ̀dá Jùwọ́n. Bí ìyàwó mẹ́ta bá jókòó nílé ìdáná, tí ẹnì kan sì pariwo "Ìyàwó!" láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó dìde, èyí tó bá sì yára jù ni wọ́n máa rán lọ bu omi. Mọ́láyọ̀ kì í yára. Ọdún àkọ́kọ́ ló ti kọ́ ọgbọ́n yẹn.

Ní Mówè níbi tó ń gbé, orúkọ rẹ̀ kò ṣòro lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Òun ni Mọ́láyọ̀ tó ń kọ́ sáìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní àdúgbò Lotto. Òun ló kọ́ sáìtì fún ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìbafò, òun ló kọ́ ọ fún ìjọ méjì tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, òun náà ló kọ́ ti ọkùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Magboro, ẹni tó taku pé àfi kí àwòrán òun wà lára búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti já sí Ìfọ̀ báyìí, orúkọ á bọ́ lára rẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé agboòrùn sínú mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Sáìtì ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn, bí ilé. Iwájú ni gbogbo ayé ń wò. Ẹ̀yìn ni àwọn tó ní páásíwọọ̀dù ń gbà wọlé láti kọ nǹkan sí i. Ẹni tó bá dé ẹ̀yìn yẹn, àpótí méjì ló máa bá níbẹ̀: ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀. Àpótí méjì tó fún ẹni tó ń kọ ìròyìn. Bí èèyàn bá fẹ́ òmíràn, bí ọjọ́ ìbí, bí àwòrán, bí iṣẹ́ ọwọ́, àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó kọ́ ọ sí i, kí ó sọ fún ẹ̀rọ bóyá ọ̀rọ̀ ni àpótí náà máa gbà, tàbí ọjọ́, tàbí nọ́ńbà lásán. Iṣẹ́ Mọ́láyọ̀ nìyẹn. Àpótí ló ń kàn, bíi káfíńtà, àfi pé òun kì í lo ìṣó.

Nígbà tí Bàbá Àbáyọ̀mí, olórí ẹbí, gbọ́ pé ìyàwó wọn kan mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Fọ́ọ̀mù ló fi jẹun, fọ́ọ̀mù ló fi tọ́mọ. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Mọ́láyọ̀ wá sí Ìfọ̀, ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ọmọ Olúgbádé, ìbáà wà ní Ìfọ̀, ìbáà wà ní Kánádà, ní ojú ewé tirẹ̀ lórí sáìtì ẹbí, kí ọmọ bàbá kan náà má baà lọ máa fẹ́ ara wọn láìmọ̀. Ó wá yọ bébà kan tó ti fi rúlà fa ìlà sí. Àpótí mẹ́rìnlá ló fẹ́, ó ti tò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀: orúkọ, bàbá, ojúlé, ọjọ́ ìbí, iṣẹ́, oyè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejìlá ni "Iye ìyàwó".

Mọ́láyọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló máa wọ inú ìkejìlá yìí?"

"Nọ́ńbà. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Kó má ṣe gbà ju nọ́ńbà lọ."

"Orúkọ àwọn ìyàwó ńkọ́, sà?"

Bàbá wò ó lókè awò ojú rẹ̀. "Ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ Olúgbádé ni à ń sọ. Ìta ni ìyàwó ti wá. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ìyàwó lónìí, lọ́la àwọn àna á ní ká kọ tàwọn. Ibo la máa wá dúró sí?" Ó gbé òòtẹ̀ ẹbí tó fúnra rẹ̀ lọ ṣe, ó fi lu bébà náà gbì. Ó ní ní ìpàdé ẹbí tó máa wáyé níparí oṣù kẹjọ ni òun máa ṣí sáìtì náà lójú gbogbo èèyàn, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àpótí kan kún un mọ́ láéláé.

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mọ́láyọ̀ padà sí Mówè, ó kan àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ojú ewé ọkọ rẹ̀, Olúwajùwọ́n, ló kọ́kọ́ fi dán an wò. Nígbà tó dé ìkejìlá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ nọ́ńbà náà. Ó wá lọ wo iwájú sáìtì. Jùwọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mẹ́ta tò sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé: Iye ìyàwó: 1. Ó dùn ún dé egungun.

"Wò ó," ó sọ fún ọkọ rẹ̀ tó ń jẹun lọ́wọ́. "Èmi nìyẹn. Èmi ni ọ̀kan."

Jùwọ́n na ọrùn wò ó. "Ṣebí òótọ́ náà ni? Àbí o fẹ́ kó jẹ́ méjì?"

Mọ́láyọ̀ nawọ́ gbé ẹran kúrò nínú abọ́ ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ń rò ó pé bó bá di ọgọ́rùn-ún ọdún òní, àtọmọdọ́mọ òun á ṣí sáìtì yìí, wọ́n á rí orúkọ bàbá wọn, wọ́n á rí oyè bàbá wọn, wọ́n á sì rí i pé bàbá wọn ní ìyàwó kan, bí ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ kan. Ó pinnu pé kí ìpàdé ẹbí tó dé, àfi kí orúkọ àwọn ìyàwó ilé wọ ibẹ̀. Bí òun á ṣe ṣe é tí kò ní di ìjà ni kò mọ̀.

Kò tíì rí ọgbọ́n kankan dá tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, nítorí ìròyìn ti tàn ká ẹbí pé àpótí wà nílẹ̀. Àǹtí Stella, àbúrò bàbá Jùwọ́n, ló kọ́kọ́ pè. Ajíhìnrere ni wọ́n. Wọ́n ní kò sí bí wọ́n ṣe máa kọ ọjọ́ tí wọ́n bí ènìyàn nípa ti ara tí wọn ò ní kọ ọjọ́ tí wọ́n tún un bí nípa ti ẹ̀mí. Mọ́láyọ̀ kan àpótí "Ọjọ́ àtúnbí". Alhaji Sàhéèdì, ẹ̀gbọ́n Àǹtí Stella, gbọ́ sí i, wọ́n ní kí wọ́n kan "Ọdún tó lọ sí Mẹ́kà" fún àwọn náà. Ó kàn án. Olóyè Adéyanjú, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, ní oyè márùn-ún ni òun jẹ, àpótí oyè ẹyọ kan kò lè gbà wọ́n. Mọ́láyọ̀ bá kan àpótí tó ń bímọ: bí èèyàn bá ti tẹ "Fi kún un" báyìí, òmíràn á yọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Olóyè tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́jọ. Ó ní àwọn mẹ́ta yòókù wà lójú ọ̀nà.

Gbogbo ìwọ̀nyí ni Bàbá lu òòtẹ̀ fún. Àpótí orúkọ ìyàwó nìkan ni kò rí òòtẹ̀ gbà.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Mọ́láyọ̀ ti sọ fún ẹ̀rọ pé bí àpótí kan bá ṣófo, kí ó kọ "Kò tíì sí" sí iwájú sáìtì. Bí Alhaji Sàhéèdì ṣe ṣí ojú ewé wọn láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn, tí wọ́n rí i lábẹ́ àwòrán wọn pé: Ọjọ́ àtúnbí: Kò tíì sí.

"Ìyàwó," wọ́n ní lórí fóònù, ẹ̀rín ń pa wọ́n, "mo rí i pé ẹ ṣì ń retí mi. 'Kò tíì.' Ìyẹn ni pé ẹ ò tíì sọ ìrètí nù lórí mi."

Àǹtí Stella kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ti ka tàwọn náà. "Mẹ́kà? Èmi? Kọ ọ́ síbẹ̀ kíákíá pé kò ní sí láé! I reject it!"

Mọ́láyọ̀ bẹ̀ wọ́n títí. Ó tún ẹ̀rọ náà ṣe pé bí àpótí bá ṣófo, kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Alhaji ní ó dun àwọn díẹ̀, pé ìrètí náà ti ń mọ́ àwọn lára.

Ó wá kù kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ sínú àpótí. Bàbá ní kí ojúlé kọ̀ọ̀kan fa ẹnì kan kalẹ̀ tó máa kọ tiwọn. Àwọn ọkùnrin gbà láìjanpata, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì sọ gbólóhùn kan náà: "Kò sí wàhálà, ìyàwó mi á ṣe é." Bí ìyàwó ilé márùn-ún ṣe kóra jọ sí pálọ̀ Mọ́láyọ̀ ní Lotto lọ́jọ́ Sátidé kan nìyẹn, kí ó lè kọ́ wọn. Bàṣírátù, tó jẹ́ ìyàwó fún ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n Jùwọ́n, ló dàgbà jù nínú wọn. Fisáyọ̀ ló kéré jù, kò tíì pé ọdún méjì tó délé.

Àpótí àkọ́kọ́ ni "Orúkọ". Bàṣírátù na ìka sí i, ó sì dúró.

"Ìyàwó, orúkọ ta ni mo fẹ́ kọ síbẹ̀?"

"Ti ọkọ yín ni, mà. Ti..." Mọ́láyọ̀ la ẹnu, ẹnu kò gbà á. "Ti Àgùntáṣọọ́lò, mà."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Ta ni ìyàwó tó jẹ́ máa gba ẹnu pe ọmọ bíbí ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Bó jẹ́ ìkókó tí wọ́n bí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, ọkọ rẹ̀ ni, àfi kó wá orúkọ dáadáa mìíràn fún un. Àwọn ìyàwó ilé Olúgbádé sì ti fún gbogbo ilé lórúkọ tán láti ọjọ́ pípẹ́. Eyínfúnjowó wà níbẹ̀, Ìbàdíàrán wà níbẹ̀, Adúmáadán wà níbẹ̀. Mọ́láyọ̀ tó kan àpótí náà kò tilẹ̀ rò ó rí. Nígbà tó ń dán an wò, ọkọ tirẹ̀ nìkan ló kọ, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ti jọ ṣe yunifásítì kí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ tó dé.

Fisáyọ̀ ní, "Ẹ̀yin ìyáálé mi, kíkọ kì í ṣe pípè o. Ọwọ́ la fẹ́ fi kọ ọ́, a ò ní la ẹnu."

"Fóònù tèmi máa ń ka ohun tí mo bá tẹ̀ sókè," Bàṣírátù dá a lóhùn. "Bó bá kà á sókè nínú yàrá mi, tí wọ́n gbọ́ ọ láti pálọ̀, ta ló pè é?"

Wọ́n bá kọ ohun tí wọ́n lè kọ láìdẹ́ṣẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kọ ojú ewé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín lé e, inú wọn dùn, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá pè láti Ìfọ̀. Ohùn rẹ̀ kò lágbára.

"Ìyàwó, mo wá ara mi lórí sáìtì yìí títí, mi ò rí ara mi. Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ ò ní kú, Bàbá. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ wo Akọ̀wé."

"Akọ̀wé mẹ́ta ló wà níbẹ̀!"

"Ẹ̀yin ni Akọ̀wé Àgbà, sà."

Kò tíì sọ fóònù sílẹ̀ tí Olóyè Adéyanjú fi wọlé sórí ìlà. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni Olóyè, onírùngbọ̀n funfun. Ní orí ojú ewé rẹ̀, ṣáájú oyè márààrún, wọ́n kọ orúkọ tí àwọn ìyàwó fi ń pè é láti kékeré, nítorí pé kì í jẹ ẹ̀bà tí kò bá sí ẹja níbẹ̀: Ajẹ́bọ́tà. Ó ní àwọn ọmọ òun tó wà ní Kánádà ti rí i. Ó ní wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mọ́láyọ̀ rí àṣìṣe rẹ̀. Àpótí kan kò lè gba orúkọ méjì. Ó kan àpótí tuntun, ó pè é ní "Orúkọ tí àwọn ìyàwó ń pè é", ó kó gbogbo Akọ̀wé àti Eyínfúnjowó lọ síbẹ̀, ó sọ àpótí àkọ́kọ́ di "Orúkọ àbísọ", ó sì fi í sílẹ̀ lófo. Bàbá lu òòtẹ̀ fún un tìbínú-tìbínú. Àmọ́ ta ló máa kọ nǹkan sínú èyí tó ṣófo? Ọ̀rọ̀ yìí ga ju ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ, ó ti di ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ni ìyàwó tó pẹ́ jù nílé Olúgbádé. Opó ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, òun ló sì bí Olóyè Adéyanjú. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ló ti wà nínú ilé náà. Mọ́láyọ̀ lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà ní Ìfọ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi Ajẹ́bọ́tà, Ìyá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dànù.

"Ọ̀rọ̀ yìí kò le," Ìyá ní. "A kì í pe orúkọ ọkọ. Kí ọmọ ilé kọ tara wọn. Wọn ò lọ́wọ́ ni?" Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi ńkọ́? Ibo lẹ kọ mí sí?"

Mọ́láyọ̀ ṣí ojú ewé olóògbé ọkọ Ìyá lórí fóònù, ó sì fi hàn án.

"Mi ò rí i kà. Kín ni ọ́n kọ síbẹ̀?"

"Iye ìyàwó: méjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, mà."

Ìyá gba fóònù náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. "Nínú méjì yìí," ó ní, "èwo ni èmi?"

Mọ́láyọ̀ fi tirẹ̀ náà han Ìyá, ọ̀kan yẹn. Wọ́n jọ wò ó. Ìyá dá fóònù padà, ó mú ẹ̀gúsí mìíràn, ó pa á.

"Gbọ́, ọmọ mi. Sọ fún àwọn tó kù. Àpótí orúkọ àwọn ọmọ ilé yẹn, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bẹ̀ yín, ẹ kúnlẹ̀. Bí wọ́n bú yín, ẹ kúnlẹ̀. A kì í pe orúkọ ọkọ." Ojú Ìyá ń dán bí ojú ọmọdé tó fẹ́ ṣe ìjàngbọ̀n. Ìgbà yẹn ni Mọ́láyọ̀ mọ̀ pé ogun ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n fẹ́ fi jà á.

Bàbá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí Wáàsáàpù pé kí oníkálukú lọ kọ orúkọ ara rẹ̀. Gbogbo wọn dáhùn pé àwọn ń bọ̀ wá kọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ "mo ń bọ̀" wa. Nígbà tí ìparí oṣù kẹjọ máa fi dé, ẹni méjì péré ló ti kọ ọ́. Àǹtí Stella kọ tiwọn pẹ̀lú Ajíhìnrere níwájú rẹ̀. Alhaji Sàhéèdì kọ tiwọn náà, àmọ́ àpótí Mẹ́kà ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, èèyàn bí ọgọ́rin ló jókòó sábẹ́ ìbòòrùn nínú ọgbà ilé Olúgbádé. Wọ́n ti fi ẹfun kun ògiri kan kí àwòrán lè hàn lára rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké, kọ̀ǹpútà Mọ́láyọ̀ wà lórí tábìlì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri. Bàbá wọ agbádá, ó dìde dúró, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ojú ewé òun. Ògiri mọ́lẹ̀. Àwòrán Bàbá yọ, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Orúkọ àbísọ kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ̀rọ ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Akọ̀wé Àgbà.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bàbá ní kí wọ́n ṣí ti ẹlòmíràn kíákíá. Ti Olóyè ló bọ́ sí. Nígbà tí "Ajẹ́bọ́tà" yọ lára ògiri pẹ̀lú oyè márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan jábọ́ lórí àga, wọn ò sì rí ẹni tó máa gbé e nítorí gbogbo wọn ló ń di ikùn mú.

Bàbá yí sí àwọn ìyàwó. "Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ wa síbẹ̀ báyìí báyìí!"

Bàṣírátù ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Fisáyọ̀ tẹ̀ lé e. Kí Bàbá tó mí lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo ìyàwó ilé Olúgbádé ló ti wà lórí ìkúnlẹ̀, Mọ́láyọ̀ náà sì wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Bàṣírátù ní. "Ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú wa tó máa pe orúkọ yín?"

Kí ni Bàbá fẹ́ sọ? Ṣé kó pàṣẹ fún ìyàwó ilé, lójú ọgọ́rin èèyàn, pé kí wọ́n rí ọkọ wọn fín? Ó wo àwọn ọmọ ilé. Àwọn ọmọdé wolẹ̀, torí àwọn náà kò jẹ́ pe bàbá wọn lórúkọ. Àwọn àgbà wo òkè ìbòòrùn. Bàbá họ orí. Ó bọ́ síwájú, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ní òun á kọ ti ara òun.

Ìka kan ni Bàbá fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń wá A, ó rí A, ó ń wá B. Gbogbo ilé ń dúró dè é. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀.

"Akọ̀wé, bí ẹ bá kọ tiyín tán, ẹ bá mi kọ tèmi."

"Ìyá, kò sí àpótí tiyín. Mo ti lu òòtẹ̀."

"Ọmọ tó ń kàn án ṣebí òun ló kúnlẹ̀ sílẹ̀ yìí?"

"Kò lè gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, sà," Mọ́láyọ̀ yára sọ. "Irú ti oyè Olóyè ni. Ó máa ń bímọ."

Bàbá ní òòtẹ̀ ni òòtẹ̀. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde.

"Ọjọ́ tí mo wọ ilé yìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹ jẹ́, imú yín ń ṣàn, ẹ gbé síléètì dání. Ẹ ò tíì mọ nǹkan kan kọ sí i. Èmi ni mo sọ yín ní Akọ̀wé. Orúkọ náà sì rò yín, ẹ di akọ̀wé. Mi ò fi òòtẹ̀ lù ú." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa. Kí wá ni orúkọ tèmi?"

"Sàlámátù," Bàbá dáhùn kíá, bí ọmọ iléèwé tó mọ èsì. Olóyè Adéyanjú mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó wà nínú gbogbo ìwé nìyẹn.

"Orúkọ tí àlùfáà fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa nìyẹn," Ìyá ní. "Ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì fi pè mí rí. Mo ní orúkọ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Ẹ̀rín gbẹ. Olóyè wo ìyá rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í hàn án. Bàbá ṣí fìlà. Ó wo òòtẹ̀ tó wà lórí tábìlì, ó fi fìlà bò ó mọ́lẹ̀.

"Ìyá," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí. Àjíbíkẹ́ ni ìyá mi ń pè mí."

Mọ́láyọ̀ ti dìde. Ó yọ àpótí nọ́ńbà sọnù, ó kan tuntun, ó kọ "Àwọn ìyàwó" sí i lórí. Ẹ̀rọ fẹ́ máa tò wọ́n ní A, B, D, ó kọ̀ fún un, torí ó mọ̀ pé bí ìyàwó kékeré bá lọ ṣáájú ìyáálé lára ògiri yẹn, ogun mìíràn á wọlé. Ó ní kí ó tò wọ́n bí oníkálukú wọn ṣe délé. Ó tẹ orúkọ náà. Ojú ewé olóògbé yọ lára ògiri, nọ́ńbà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá kì í fọwọ́ sí ohun tí kò bá kà sókè. Ìwà akọ̀wé nìyẹn. Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó sì kà á ketekete:

"Àjíbíkẹ́."

"Ìyáà!" ni Ìyá Àgbà dáhùn.

Ohùn kékeré ni, ohùn ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní. "Ìyá mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn." Olóyè Adéyanjú lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ tòun ti oyè márààrún, ó sì pẹ́ kó tó dìde.

Lẹ́yìn náà, àwọn ìyàwó tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ orúkọ rẹ̀, Mọ́láyọ̀ ń tẹ̀ ẹ́, Bàbá ń kà á. Wọ́n ṣe é títí ó fi kan Mọ́láyọ̀ fúnra rẹ̀. Ó tẹ tirẹ̀, Bàbá kà á, ó tún un kà, ó ní orúkọ dáadáa ni, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ fún òun tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, òùngbẹ gbẹ Bàbá. "Ìyàwó!" ó pariwo láti abẹ́ ìbòòrùn. Ìyàwó mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó mira. Bàbá dúró. Ó wo ògiri, ó wá orúkọ kan jáde níbẹ̀.

"Mọ́láyọ̀!"

Ó ti dé ìdí àmù kí Bàbá tó pa ẹnu dé.